Ẹ bá mi wò ó: kọ̀ǹpútà kò gbọ́ mi, ìgbà tó sì gbọ́, ó ní inú kànga ni mo wà

Ìyá Dámi Aránṣọ, Àkúrẹ́

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ mi máa gùn díẹ̀, ẹ fara dà á. Bí n kò bá bẹ̀rẹ̀ láti ìdí, ẹ ò ní mọ ibi tó ti dàrú.

Aránṣọ ni mí ní Òkè-Ìjẹ̀bú. Ní nǹkan bí ọdún kan sẹ́yìn, ọkùnrin kan tó ń fi ọ̀kadà ta oògùn eku gbé ṣòkòtò wá kí n bá a gé ẹsẹ̀ rẹ̀. Bó ti jókòó tó ń dúró dè mí, ọmọ iṣẹ́ mi fi áyọ́ọ̀nù jó bùbá oníbàárà, mo sì ń bá a wí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ mí, ẹ mọ̀ pé bí mo bá ń báni wí, ará òpópónà kejì máa ń bá mi dá sí i. Ọkùnrin yìí gbọ́ mi tán, ó ní, "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ lè bá mi fi ohùn yìí bá eku wí?" Mo rẹ́rìn-ín. Àṣé kò ṣeré. Ó yọ fóònù, ó ka àwọn ohun tó ń tà fún mi, mo sì pè é bí ìgbà tí mo bá ń pe ọmọ iṣẹ́. Ó fún mi ní ₦2,000, ó gun ọ̀kadà rẹ̀, ó lọ.

Ọ̀sẹ̀ kejì, mo wà ní Ọjà Ọba, mò ń yan òwú àti bọ́tìnnì, ni mo bá gbọ́ ohùn ara mi tó ń bọ̀ láti ìhà Oyèmẹ́kùn: "Eku tó ń jẹ gààrí yín lóru, oúnjẹ àjẹkẹ́yìn rẹ̀ rèé o!" Àwọn obìnrin tó wà nídìí àtẹ ń rẹ́rìn-ín. Mo fa gèlè bojú, mo san owó òwú, mo gba ẹ̀yìn àtẹ lọ.

Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń wá. Ẹni tó ń ta àgbo jẹ̀díjẹ̀dí, ẹni tó ń ra irin àlòkù àti bátìrì ọkọ̀ tó ti kú, obìnrin kan tó ń gbé búrẹ́dì wá láti Ọba-Ilé. Fóònù ni mò ń lò, títí di oṣù tó kọjá tí Dámi jẹ́ kó já sínú omi ìfọṣọ.

Àbúrò mi ọkùnrin tó lọ sí Kánádà fi kọ̀ǹpútà rẹ̀ sílẹ̀ fún mi, irú èyí tí àpótí irin rẹ̀ ń dá dúró lábẹ́ tábìlì. Windows 10 ló wà nínú rẹ̀. Mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù kan, mo ra máìkì kékeré tí wọ́n ń há mọ́ ọrùn aṣọ, ₦3,500. Ihò kan wà níwájú àpótí náà tí àwọ̀ rẹ̀ jẹ́ pínǹkì. Mo ki ẹnu wáyà bọ̀ ọ́, kò gbọ́ nǹkan kan. Mo ki í bọ ti ẹ̀yìn, kò gbọ́. Ṣùgbọ́n bí mo bá fà á jáde díẹ̀, bí ìbú èékánná, ó máa gbọ́ mi, á kéré, tòun ti ariwo hùùù tó ń bá a lọ lábẹ́. Bí mo bá sì tì í wọlé tán, á tún di adití.

Ìwọ̀nba ohùn tó gbà yẹn ni mo fi ránṣẹ́ sí ọkùnrin olóògùn eku. Ó pè mí padà: "Ìyá, ṣé ẹ jìn sí kànga ni? Eku ò ní bẹ̀rù ẹni tó wà nínú kànga o."

Mo padà lọ bá ẹni tó ta máìkì fún mi. Ó ní kọ̀ǹpútà mi ló ti gbó, pé àfi kí n ra máìkì ńlá, èyí tí àwọn olórin ń kọrin sí, ₦65,000. ₦65,000! Ìró àti bùbá mélòó ni mo fẹ́ rán? Ìdí nìyí tí mo fi ní kí n bi yín kí n tó lọ kó àjọ mi.

Pálọ̀ ni mo ti ń gba ohùn. Táìlì ló wà nílẹ̀, ògiri lásán, ilé wa ò ní síìlì, páànù ló wà lókè. Àwọn aládùúgbò ní jẹnẹrétọ̀ méjì. Àkùkọ kan tún wà tí n kò mọ ẹni tó ni ín.


Ọba Bíìtì, Àkúrẹ́

Ìyá, owó pọ́ọ́kú, ọjà pọ́ọ́kú. Condenser, irú máìkì ńlá olórin yẹn gan-an, ni kẹ́ ẹ rà. Òun ló ń gbọ́ gbogbo rẹ̀, títí dórí èémí tẹ́ ẹ bá mí. Èmi ò lè fi máìkì ọrùn aṣọ gba ohùn ajá mi. Ẹ wá sí ibi iṣẹ́ mi ní Ìjàpọ̀, mo ní ọ̀kan tí mo ti lò díẹ̀, màá dín owó rẹ̀ kù fún yín.


Alátùn-ún-ṣe Rédíò, Òǹdó

Ìyá Dámi, ẹ kú orí ire ohùn. Ẹ má tíì kó àjọ. Ọba Bíìtì, ṣé o ò ṣàánú aránṣọ ni? Jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ohun tó wà lọ́wọ́ wọn.

Ẹ mú ẹnu wáyà máìkì yẹn sún mọ́ ojú, kẹ́ ẹ ka òrùka dúdú tó wà lára rẹ̀. Mo lè fi rédíò tí mo tú sílẹ̀ níwájú mi yìí ta tẹ́tẹ́ pé mẹ́ta ni. Òrùka mẹ́ta, a jẹ́ pé irin rẹ̀ pín sí mẹ́rin: ọ̀kan fún etí òsì, ọ̀kan fún etí ọ̀tún, ọ̀kan fún ilẹ̀, ìyẹn ọ̀nà tí iná ń gbà padà, èyí tó wà nídìí pátápátá ni ti máìkì. Fóònù ni wọ́n ṣe é fún. Ihò pínǹkì ti kọ̀ǹpútà yín, ọ̀nà mẹ́ta péré ló mọ̀, orí ṣónṣó ẹnu wáyà ló sì ti ń retí ohùn. Ìdí rẹ̀, níbi tí máìkì yín ń gbà sọ̀rọ̀, kọ̀ǹpútà ti so ibẹ̀ mọ́ ilẹ̀. Ẹ ń sọ̀rọ̀, ó ń dà á nù. Nígbà tẹ́ ẹ bá fà á jáde díẹ̀, àwọn irin náà á ṣèèṣì fara kan ibi tí kì í ṣe tiwọn, ohùn díẹ̀ á wá yọ́ wọlé. Kọ̀ǹpútà ò gbó, máìkì ò sì bàjẹ́. Ẹni tó tà á fún yín ni kò wo ẹnu wáyà.

Ohun tẹ́ ẹ máa rà ni wáyà kékeré kan, kò gùn ju ìka ọwọ́ lọ, tó ní ihò kan lápá kan àti ẹnu méjì lápá kejì. Wọ́n máa ń ya máìkì sára ẹnu kan, wọ́n á ya ohun tí wọ́n ń fi sétí sára èkejì. Ẹ ṣọ́ra o, ó ní ìbejì. Èkejì rẹ̀ ni èyí tí ènìyàn méjì fi ń gbọ́ orin láti ara fóònù kan ṣoṣo. Ihò méjì ni tiẹ̀, ẹnu kan. Bí wọ́n bá gbé ìyẹn fún yín, ẹ dá a padà. Èyí tẹ́ ẹ fẹ́, ẹnu méjèèjì tó máa wọ kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ ní òrùka dúdú méjì-méjì.

Bó bá ti débẹ̀, ihò pínǹkì tẹ̀yìn ni kẹ́ ẹ kì í bọ̀, ẹ fi tiwájú sílẹ̀. Kọ̀ǹpútà tí wọ́n bá ti tú rí, ẹni tó tú u máa ń gbàgbé láti dá wáyà ihò iwájú padà sórí pátákó inú rẹ̀. Irú rẹ̀ tí mo ti rí kì í ṣe díẹ̀.

Ó wá ku ti ₦65,000. Máìkì ńlá olórí irin tó ní píìnì mẹ́ta nídìí, ẹnu rẹ̀ ò jọ ti ihò pínǹkì. Bẹ́ ẹ tilẹ̀ rí wáyà tó máa so wọ́n pọ̀, condenser irú ìyẹn ń jẹ iná fóòtì 48, inú àpótí mìíràn tí wọ́n ń tà lọ́tọ̀ ni iná náà sì ti ń wá. Díẹ̀ tí máìkì kékeré yín ń jẹ, bíi fóòtì méjì sí márùn-ún, ihò pínǹkì ń fún un. Ẹ ra ti ₦65,000 tán, wọ́n á ní ẹ tún lọ ra àpótí. Pé ó ń gbọ́ gbogbo nǹkan tí Ọba Bíìtì fi ń yìn ín yẹn pàápàá: nínú pálọ̀ onípáànù, ó máa gbọ́ jẹnẹrétọ̀ méjèèjì, ó máa gbọ́ àkùkọ, ó sì máa bi yín léèrè ẹni tó ni ín.

Ẹnì kankan ò tíì béèrè ibi tí ohùn náà ń lọ. Orí ọ̀kadà ló ń lọ, inú mẹ́gáfóònù. Ẹnu mẹ́gáfóònù tó rí bí àrọ yẹn kò lè gbé ohùn ìsàlẹ̀ jáde, kò sì lè gbé ohùn òkè tín-ín-rín jáde. Àárín nìkan ló ń ké. Máìkì ₦65,000 tó bá wọ inú mẹ́gáfóònù, bíi ₦3,500 ló máa dún.


Ọba Bíìtì, Àkúrẹ́

Bàbá, mo gbà. N ò ronú kan mẹ́gáfóònù.


Akẹ́kọ̀ọ́ FUTA

Ẹ kú iṣẹ́ mà, ẹ kú iṣẹ́ sà. Bí wáyà bá ti tọ́, mà, ẹ wo inú Windows náà, torí ó lè máa di máìkì lẹ́nu. Ẹ ṣí Settings, ẹ lọ sí Privacy, ẹ wá Microphone. Ohun méjì ló gbọ́dọ̀ wà ní títàn níbẹ̀. Ọ̀kan wà lókè, ti gbogbo áàpù. Èkejì wà nísàlẹ̀ pátápátá, wọ́n kọ desktop apps sí i, òun ni Audacity, áàpù ìgbohùn tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀, ń lò. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í fa ojú ìwé náà débẹ̀. Èmi náà ò fà á débẹ̀ lọ́jọ́ tí mo fẹ́ gba ohùn fún iṣẹ́ àṣekágbá mi, odidi òru kan ni mo fi bú máìkì aláìṣẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ lọ sí System, ẹ lọ sí Sound, ẹ yan máìkì lábẹ́ Input, ẹ sọ̀rọ̀. Ẹ máa rí ìlà kan tó ń fò sókè sódò. Bí ìlà yẹn ò bá fò, ẹ má tíì ṣí nǹkan mìíràn.

Audacity ni kẹ́ ẹ fi gbà á, ọ̀fẹ́ ni. Dominic Mazzoni àti Roger Dannenberg ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní yunifásítì Carnegie Mellon ní Amẹ́ríkà, ọdún 2000 ló sì jáde. Orí audacityteam.org ni wọ́n ti ń gbà á. Bí ibòmíràn bá ní kẹ́ ẹ sanwó kẹ́ ẹ tó gbà á, ẹ sá.

Ẹ yan Mono nínú rẹ̀. Ẹnu kan lẹ ní, ẹnu kan náà ni mẹ́gáfóònù ní. 44100 Hz tó bá níbẹ̀, kó máa bẹ níbẹ̀. Àmì pupa roboto ni wọ́n ń tẹ̀ láti gbohùn. Mo bẹ̀ yín mà, ẹ má fi ohùn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ dán an wò. Bẹ́ ẹ ṣe máa pariwo mọ́ eku gan-an ni kẹ́ ẹ pariwo, kẹ́ ẹ wá yí ìwọ̀n rẹ̀ títí ibi gíga jù lọ fi máa wà láàárín -12 àti -6 lórí ìlà tó ń wọn ohùn. Bó bá kan òdo, ohùn ti ya nìyẹn. Aṣọ tó ya, ẹ lè rán an. Ohùn tó ya, kò sí abẹ́rẹ́ rẹ̀.

Bó bá sì kéré jù, inú Sound ti Control Panel àtijọ́ ni kẹ́ ẹ lọ, Recording, Properties, Levels. Microphone Boost wà níbẹ̀. Ẹ fi +10 sí i ná. Àwọn kan á ti sáré fi +30 sí i, kò sì mọ ohùn yàtọ̀ sí ariwo, gbogbo rẹ̀ ló máa ń gbé dìde.

Bẹ́ ẹ bá ti tẹ àmì pupa, ẹ dákẹ́ fún bí ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún kẹ́ ẹ tó sọ ohunkóhun. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn wúlò. Tẹ́ ẹ bá parí, ẹ fi eku kọ̀ǹpútà yan ibi tẹ́ ẹ dákẹ́ sí nìkan, ẹ lọ sí Effect, ẹ wá Noise Reduction, ẹ tẹ Get Noise Profile. Audacity ti mọ ojú ariwo ilé yín nìyẹn. Ẹ wá yan gbogbo ohùn náà látòkè délẹ̀, ẹ padà síbẹ̀, ẹ tẹ OK. Díẹ̀ ni kẹ́ ẹ lò o. Bó bá pọ̀ jù, ohùn yín á máa dún bí ẹni tó wà lábẹ́ omi. Ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ jáde nínú kànga, ẹ má tún kó sódò.

MP3 ni kẹ́ ẹ fi pamọ́. Mẹ́mọ́rì tẹ́ ẹ bá sì dà á sí, ẹ jẹ́ kó jẹ́ FAT32, ìyẹn irú ètò tí wọ́n fi ń to nǹkan sínú mẹ́mọ́rì, torí ọ̀pọ̀ mẹ́gáfóònù olówó kékeré ò mọ òmíràn kà.


Ìyá Dámi Aránṣọ, Àkúrẹ́

Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá, òrùka mẹ́ta ni! Mo fi awò tí mo fi ń ki òwú bọ abẹ́rẹ́ kà á.

Ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta ni mo dé kí n tó rí wáyà náà, ₦1,200. Ní ṣọ́ọ̀bù àkọ́kọ́, ìbejì rẹ̀ oníhò méjì ni ọmọ náà gbé fún mi. Mo ní rárá. Ó ní ọ̀kan náà ni wọ́n. Mo ka òrùka fún un níkọ̀ọ̀kan, ó ní, "Ìyá, ṣé ẹnjiníà ni yín?" Mo ní aránṣọ ni mí, kó fi ọjà rẹ̀ pamọ́.

Mo kì í bọ ẹ̀yìn, mo tì í wọlé dé ìdí, ó gbọ́ mi ketekete. Akẹ́kọ̀ọ́, Ọlọ́run á jẹ́ kó o jáde pẹ̀lú ayọ̀. Ti ìsàlẹ̀ yẹn wà ní pípa lóòótọ́.

Àmọ́ ìṣòro méjì kù. Hùùù yẹn ò tíì lọ. Mo lo Noise Reduction, ó mú un kúrò, ṣùgbọ́n ohùn mi wá dún bíi ti ẹni tí òtútù mú. Mo sì ṣàkíyèsí nǹkan kan tí n kò mọ̀ bóyá ó já mọ́ nǹkan: bí mo bá fọwọ́ kan àpótí irin kọ̀ǹpútà nígbà tí mo ń sọ̀rọ̀, hùùù náà máa ń rọlẹ̀. Nígbà mìíràn, àpótí náà máa ń ta mí lọ́wọ́ ṣìnrìnṣìnrìn, bí ìgbà tí èèrà bá gun ènìyàn.

Èkejì, kànga náà ò gbẹ. Ohùn mi ti sún mọ́ ẹnu rẹ̀, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ ló ṣì wà.


Alátùn-ún-ṣe Rédíò, Òǹdó

Ìyá Dámi, ó já mọ́ nǹkan gan-an! Ẹ fi Audacity sílẹ̀ ná, ògiri ni kẹ́ ẹ wò.

Ohun tó ń ta yín yẹn, iná ni. Iná díẹ̀ máa ń wà lára irin kọ̀ǹpútà tó yẹ kó bá wáyà kẹta wọ ilẹ̀ lọ. Tiyín ò rí ọ̀nà, ó wá jókòó sára àpótí. Iná ilẹ̀ wa ń lọ, ó ń bọ̀ ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ìró ìlọ-àti-bọ̀ rẹ̀ gan-an lẹ̀ ń gbọ́ tó ń ṣe hùùù. Bẹ́ ẹ bá fọwọ́ kàn án, ara yín ló di wáyà ilẹ̀, òun ló fi ń rọlẹ̀. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́, pàápàá tẹ́ ẹ bá wà láìwọ bàtà lórí táìlì.

Ẹ yẹ ẹnu wáyà iná kọ̀ǹpútà wò. Ẹsẹ̀ mẹ́ta ló yẹ kó ní, èyí tó gùn jù lókè ni ti ilẹ̀. Ṣé ẹnì kan ti ṣẹ́ ẹ? Ṣé ẹ ti fi nǹkan ẹlẹ́sẹ̀ méjì ki í bọ ara ògiri? Bí ẹsẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá pé, a jẹ́ pé ara ilé ni kò ti sí wáyà ilẹ̀. Ẹ pe oníná tó mọṣẹ́, kì í ṣe ẹni tó ń yá irinṣẹ́ àyẹ̀wò. Títí yóò fi dé, ẹ má jẹ́ kí wáyà máìkì àti wáyà iná jọ sùn sójú kan. Bí wọ́n bá máa pàdé, kí wọ́n dábùú ara wọn, kí ẹnì kan má tẹ̀lé ẹnì kejì.


Àgbà Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀, Àkúrẹ́

Mo ti ń kà á láti àárọ̀, mo ń rẹ́rìn-ín. Ọdún 31 ni mo fi jókòó sídìí máìkì kí n tó fẹ̀yìn tì, wọn ò sì pe èmi fún oògùn eku rí.

Ìyá Dámi, ọmọ mi, dúró sí àárín pálọ̀ rẹ, kó o pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bí pálọ̀ bá dá ọ lóhùn, o ti mọ ẹni tó ń gbé inú kànga. Ohùn rẹ á lọ kan táìlì, á lọ kan páànù, á padà wá bá máìkì lẹ́ẹ̀kejì, lẹ́ẹ̀kẹta. Ohun tí ọmọ FUTA kọ́ ọ ò lè yọ ìyẹn, torí kì í ṣe ariwo àjèjì. Ohùn ìwọ náà ni, òun ló ń pẹ́ dé.

Aṣọ ló ń jẹ ohùn. Níbi tí mo ti ṣiṣẹ́, owó ńlá ni wọ́n fi ra ohun tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri, kò sì sí iṣẹ́ tó ń ṣe ju iṣẹ́ aṣọ lọ. Mo ka gbogbo ohun tó o kọ, o ní pálọ̀ lo ti ń gbohùn. Kí ló dé tí kò jẹ́ ṣọ́ọ̀bù rẹ? Ta ló láṣọ tó aránṣọ?

Ibi tó o há máìkì mọ́ ńkọ́? Àwọn tó ń lo irú rẹ máa ń fẹ́ gbé e sétè. Àyà ni kó wà. Na ọwọ́ rẹ, ibi tí àtàǹpàkò ṣe jìnnà sí ọmọńdinrín, bó ṣe yẹ kó jìnnà sí ẹnu rẹ nìyẹn, nígbà tó jẹ́ pé kíké lò ń ké. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn máìkì ọrùn aṣọ ń gbọ́ tiwájú, tẹ̀yìn, tẹ̀gbẹ́ bákan náà, nítorí náà má ṣe tan fáànù.

Àwọn òyìnbó tó ń kọ́ni nípa máìkì, p ni wọ́n máa ń bẹ̀rù. Gbé àtẹ́lẹwọ́ síwájú ẹnu, kó o pe Peter bí òyìnbó ṣe ń pè é, wàá rí i pé afẹ́fẹ́ gbá ọ lọ́wọ́. Wá pe pẹ́pẹ́yẹ. Ṣé o rí i? Díẹ̀ ni. P tiwa ò rí bíi tiwọn, ẹ̀yìn ahọ́n bá ètè dì í mú kó tó já, kì í tu afẹ́fẹ́ síta bíi tiwọn. F ló ń da tiwa láàmú. Pe òfófó, pe fìrìfìrì, kó o gbọ́ bó ṣe ń fẹ́. Mo mọ sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ kan tó máa ń yí orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan díẹ̀ bí f bá ń bọ̀, a máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ mọ́ ju tiwa lọ. Ìwọ, mú fómù èjìká tó o máa ń rán sínú kóòtù, gé e níwọ̀n ẹ̀pà kan, kó o fi bo orí máìkì.


Ìyá Dámi Aránṣọ, Àkúrẹ́

Bàbá, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ojú tì mí nígbà tí mo ka "ta ló láṣọ tó aránṣọ." Ògiri kan ló wà láàárín pálọ̀ àti ṣọ́ọ̀bù mi!

Oníná wá ní ọjọ́ Sátidé. Ẹsẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pé lára wáyà kọ̀ǹpútà, ihò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì wà lára ògiri. Ó tú ti ara ògiri, kò sí wáyà kankan lẹ́yìn ihò kẹta. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti kọ́ ilé, ẹ̀tàn lásán ló wà níbẹ̀. Ó ní òun máa ri irin gígùn kan mọ́lẹ̀ níbi tí ilẹ̀ bá ti ń tutù tẹ̀ẹ̀rùn tòjò. Ẹ ò ní gbà mí gbọ́: ẹ̀gbẹ́ kànga ni. Ó fa wáyà láti ibẹ̀ wọlé. Hùùù rọlẹ̀ débi pé mo ní láti gbé etí sún mọ́ ọn kí n tó gbọ́ ọ. Ó gba ₦9,000, irin wà nínú rẹ̀. Àpótí náà ò ta mí mọ́.

Mi ò gbé kọ̀ǹpútà kúrò ní pálọ̀. Fáànù inú rẹ̀ náà ń pariwo, mo fi í sílẹ̀ lẹ́yìn ìlẹ̀kùn, mo fa wáyà máìkì gba abẹ́ ìlẹ̀kùn wọ ṣọ́ọ̀bù. Dámi ló ń tẹ àmì pupa, á kan ìlẹ̀kùn lẹ́ẹ̀kan kí n lè mọ̀, màá dákẹ́, màá ka ení dé àrún, kí n tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo rí nípa aṣọ, torí ìyẹn ni iṣẹ́ mi. Lẹ́ẹ̀sì ò ṣe nǹkan kan. Ihò ara rẹ̀ ti pọ̀ jù, ohùn ń gba inú rẹ̀ kọjá bí ẹ̀fọn. Ànkárá ẹyọ kan, bákan náà. Bẹ́ ẹ bá ṣẹ́ ẹ po lọ́nà mẹ́rin, ó ń gbìyànjú. Kóòtù ọkùnrin tó ní inú, ìyẹn dára. Ọba wọn ni aṣọ òkè. Ìyàwó kan gbé tiẹ̀ wá láti oṣù mẹ́rin sẹ́yìn, òun, tọkọ àti ti ìyá ìyàwó, wọn ò tíì wá gbà á, n ò sì mọ̀ bóyá ìgbéyàwó náà ṣì wà. Mo gbé gbogbo rẹ̀ kọ́ yí ara mi ká, mo kó àpò àgékù aṣọ sí ẹsẹ̀, mo pàtẹ́wọ́. Pọ́. Ó tán síbẹ̀. Ẹ̀rù tilẹ̀ bà mí díẹ̀, ó dà bíi pé ẹnì kan gba àtẹ́wọ́ náà lọ́wọ́ mi.

Fómù èjìká náà ṣiṣẹ́. F mi ò fẹ́ mọ́.

Mo gba ti olóògùn eku tuntun, -8 ló ga dé. Ó ní ohùn náà mọ́ débi pé ìyá arúgbó kan ní Ìsìnkàn jáde wá kí òun, ó rò pé ènìyàn ló ń bọ̀. Ìyá oníbúrẹ́dì gbọ́, ó ní kí n yáa gba tòun náà ṣe.

Àná ni mo gbà á. Ní nǹkan bí aago méjìlá ọ̀sán, kò sí jẹnẹrétọ̀, àkùkọ náà dákẹ́. Mo wà láàárín aṣọ òkè, mo ti sọ gbogbo rẹ̀ láìṣì, ó ku gbólóhùn kan. Mo ní, "Búrẹ́dì gbígbóná láti Ọba-Ilé, ẹ rà á fún àwọn ọmọ yín!" Mo mí. Ọ̀kadà kan kọjá ní ìta, mo gbọ́ ohùn ara mi tó dáhùn láti ojú ọ̀nà: "Oúnjẹ àjẹkẹ́yìn rẹ̀ rèé o!"

Ó wọ inú rẹ̀ ketekete. Mo lo Noise Reduction, kò rí i yọ. Kí ló fẹ́ yọ? Ohùn mi kan náà ni.

Ìyá oníbúrẹ́dì ò tíì gbọ́ ọ. Màá tún un gbà lọ́la, bí àkùkọ bá gbà.